Bí a ṣe ń fi ooru ultrasound tan jíìnì nínú ẹran ara: láti inú ọ̀pá PCR dé itan eku

Láàárín 37°C tí ara máa ń wà àti 45°C tí sẹ́ẹ̀lì ti ń kú, dígíríì mẹ́jọ péré ló wà. Inú àlàfo tóóró yẹn ni gbogbo iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí wà: fífi ultrasound, ìró tí etí kò lè gbọ́, mú ẹran ara gbóná kí jíìnì tí a fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Bí ooru ò bá tó, jíìnì ò ní jí. Bó bá pọ̀ jù, ẹran ara á jinná. Ẹni tó bá lè gbé ooru dé 42°C tàbí 43°C, tó lè dá a dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tó sì lè fi ẹ̀rí hàn pé ibẹ̀ ló dúró sí lóòótọ́, ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọ̀pọ̀ oṣù wá ẹ̀rọ tó lágbára jù, tí kò sì fi ọjọ́ kan ronú nípa bí òun á ṣe mọ ìwọ̀n ooru ibi tí ìró náà ń balẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì, tí ẹ sì ti lo ẹ̀rọ PCR (èyí tó ń gbé ooru ọ̀pá kéékèèké sókè sódò bí a bá ṣe ṣètò rẹ̀) rí, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ti yàrá ìwádìí ni gbogbo ohun tí mo máa sọ, lára sẹ́ẹ̀lì àti lára eku. Kì í ṣe ìtọ́jú tí èèyàn lè lọ bèèrè fún nílé ìwòsàn lọ́la.

Súwíìṣì tó ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì tẹ́lẹ̀

Àwa kọ́ la dá súwíìṣì ooru sílẹ̀. Lọ́dún 1962, Ferruccio Ritossa ròyìn ohun kan tó rí ní Naples, nílẹ̀ Ítálì, nínú sẹ́ẹ̀lì eṣinṣin kékeré tó máa ń bà lé èso tó ti pọ́n jù. Ẹnì kan ti yí ooru àpótí tó ń tọ́jú wọn sókè láìsọ fún un. Nígbà tó wo krómósómù wọn, ojú ibì kan àti òmíràn ti wú bí ẹni pé a fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ibẹ̀ ni àwọn jíìnì kan ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ooru ló jí wọn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Purotéènì kan wà tó ń jẹ́ HSF1. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá wà ní àlàáfíà, àwọn purotéènì alábòójútó bíi HSP90 àti HSP70 ló dì í mú. Tí ooru bá dé, àwọn purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò ní ìrísí wọn, àwọn alábòójútó á sáré lọ gbà wọ́n là, wọ́n á sì fi HSF1 sílẹ̀. HSF1 á so pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta, á lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí GAA àti TTC ti ń tẹ̀lé ara wọn lórí DNA, ní iwájú jíìnì HSP70. Báyìí ni HSP70 tuntun á ṣe máa jáde wìtìwìtì. Nígbà tí nǹkan bá rọlẹ̀, HSP70 yẹn fúnra rẹ̀ á tún dì HSF1 mú, ohun gbogbo á sì parọ́rọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìparọ́rọ́ yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá ni pé wọ́n gé iwájú jíìnì HSP70 yẹn, èyí tí a ń pè ní promoter, wọ́n sì gbé e síwájú jíìnì tó wù wọ́n. Níbi tí ooru bá ti kan sẹ́ẹ̀lì, jíìnì tiwa ló máa jáde. Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe fún aláìsàn jẹjẹrẹ: oògùn tó lágbára débi pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ìfun jẹ́ bó bá yí gbogbo ara ká, kí ó wá jẹ́ pé inú kókó jẹjẹrẹ nìkan ni a ti ń ṣe é.

Ìdí tó fi jẹ́ ultrasound

Ẹni tó bá ti fi gíláàsì tó wú láàárín kó oòrùn jọ sórí bébà rí, títí bébà fi rú èéfín, mọ ohun tí mò ń sọ. Oòrùn kan náà tó ń ràn lé wa lórí láìjó wa ń jó bébà nígbà tí a bá kó o jọ sójú kan. Ultrasound ṣeé kó jọ bẹ́ẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ní ti pé ó ń wọ inú ẹran ara lọ jìnnà. Ìró á gba ojú awọ wọlé láìjó o, á pàdé nísàlẹ̀, ibi ìpàdé yẹn nìkan á sì gbóná.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tòní. Láti ọdún 1942 ni John Lynn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti tẹ ìròyìn nípa ìró tí a kó jọ jáde, tí àwọn Fry, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, sì bá iṣẹ́ náà lọ ní Illinois ní àwọn ọdún 1950. Lóṣù kẹwàá ọdún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a máa fi í jó fáíbírọ́ọ̀dì inú ilé ọmọ. Lọ́dún 2016, wọ́n fọwọ́ sí i fún àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n. Ṣùgbọ́n jíjó ni ti àwọn yẹn. Tiwa rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà yè kó lè ṣiṣẹ́ tí a rán an. Ẹgbẹ́ Chrit Moonen ní Bordeaux, nílẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí. Lọ́dún 2009, wọ́n fi hàn nínú eku tó ní luciferase, purotéènì tí tanátaná fi ń tàn lóru, lẹ́yìn promoter ooru pé ibi tí a bá fi ìró mú gbóná nínú ẹran itan ni jíìnì ti ń jáde, tí MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, sì ń ṣọ́ ooru náà bó ṣe ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan súwíìṣì

Promoter HSP70 ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀ bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹran tàbí ti èèyàn lẹ ń lò. Ó lágbára, a sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ṣe ooru nìkan ló ń gbọ́ràn sí. Irin olóró bíi cadmium ń jí i, májèlé arsenite ń jí i, àìtó atẹ́gùn sì lè jí i, bẹ́ẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ gan-an ni atẹ́gùn kì í ti í tó. Nítorí náà, ó lè máa jò kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Àwọn kan máa ń gé gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n to àwọn ibi tí HSF1 ń lẹ̀ mọ́ nìkan tẹ̀lé ara wọn, láti dín jíjò yẹn kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ pinnu bí iṣẹ́ náà ṣe máa pẹ́ tó. Promoter nìkan máa ń fún yín ní wákàtí mélòó kan, kó tó parọ́rọ́ bí mo ṣe wí. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó máa lọ títí, ẹ fi promoter ooru ṣáájú Cre, purotéènì tó ń gé DNA tó sì ń tún un so. Ìgbóná ẹ̀ẹ̀kan á mú Cre jáde, Cre á yọ ìdènà kúrò níwájú jíìnì tòótọ́, ilẹ̀kùn yẹn kò sì ní tì mọ́. Ọ̀nà yìí ni ẹgbẹ́ Yingxiao Wang ní San Diego gbà lọ́dún 2021, tí wọ́n fi ìró tan sẹ́ẹ̀lì CAR-T (sẹ́ẹ̀lì T tó ń gbèjà ara, tí a tún ṣe kó lè bá jẹjẹrẹ jà) inú kókó jẹjẹrẹ eku. Ewu rẹ̀ hàn kedere: bó bá jò lẹ́ẹ̀kan, ó ti jò títí láé nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lo Cre gbọ́dọ̀ ti mọ ìwọ̀n jíjò promoter rẹ̀ ná.

Bí ẹ bá ń lo bakitéríà, súwíìṣì tiwọn yàtọ̀. Purotéènì adènà ni, bíi TlpA láti ara Salmonella, tó ń jókòó lé DNA nígbà tí ibẹ̀ bá tutù, tó sì ń dìde bó bá gbóná. Ẹgbẹ́ Mikhail Shapiro ní Caltech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2017 pé àwọn ti tún irú àwọn purotéènì bẹ́ẹ̀ ṣe, tí a fi lè yan ibi tí súwíìṣì á ti ṣí láti 32°C dé 46°C. Lọ́dún 2022, wọ́n fi ọ̀kan lára wọn sínú E. coli Nissle 1917, bakitéríà tí Alfred Nissle rí lára ọmọ ogun kan nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sì fi ìró mú kí ó máa tú purotéènì tó ń bá jẹjẹrẹ jà sílẹ̀ nínú kókó eku.

Níbi tí mo ti wá, ohun kan wà tí a ò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Ibà málàríà lè gbé ara dé 40°C, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀. Súwíìṣì tó ń ṣí ní 39°C, tó dára fún eku nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kì í yí padà, á ṣí fúnra rẹ̀ lára ọmọ Ìbàdàn tí ẹ̀fọn jẹ. Ẹni tó bá ń ro ọjọ́ iwájú iṣẹ́ yìí fún àwa náà, kí ó yan ibi tí ibà kò lè dé, láti 42°C lọ sókè.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ẹ̀rọ PCR dán sẹ́ẹ̀lì wò

Ìgbésẹ̀ yìí kò ná yín ju ohun tó ti wà nílẹ̀ lọ, òun ló sì máa gbà yín lọ́wọ́ àṣìṣe tó pọ̀ jù. Ẹ má ṣe fò ó.

Ẹ fi luciferase sẹ́yìn promoter ooru yín. Ẹ kó sẹ́ẹ̀lì náà sínú ọ̀pá PCR kéékèèké, kí omi inú wọn ní HEPES, èròjà tí kì í jẹ́ kí ìkan omi náà yí padà, torí pé oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì tó gbára lé CO₂ á yí padà lójú atẹ́gùn gbangba. Ẹ ṣètò ẹ̀rọ náà kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ooru tirẹ̀: 37, 39, 40, 41, 42, 43, 44 àti 45°C. Ẹ ṣe ti ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ọgbọ̀n. Ooru tí ẹ̀rọ kọ sójú rẹ̀, ti irin rẹ̀ ni, kì í ṣe ti omi inú ọ̀pá. Nítorí náà, ẹ ti thermocouple, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru, bọ inú ọ̀pá kan, kí ẹ wo ìgbà tí omi gan-an dé ibi tí ẹ fẹ́. Láti ìgbà yẹn ni kí ẹ ti ka ìṣẹ́jú.

Lẹ́yìn ìgbóná, ẹ dá sẹ́ẹ̀lì padà sí 37°C, kí ẹ ka ìmọ́lẹ̀ wọn ní wákàtí 6, 12, 24 àti 48. Ẹ ka iye tó yè pẹ̀lú. Ẹ má ṣe ka ìmọ́lẹ̀ kété tí ìgbóná bá parí. Ooru ń tú luciferase tanátaná fúnra rẹ̀ kúrò ní ìrísí, ẹ sì lè rò pé súwíìṣì ò ṣiṣẹ́ nígbà tó jẹ́ pé àtùpà ló ṣókùnkùn.

Láti lè fi ooru kan wé òmíràn, a nílò òṣùwọ̀n kan. Sapareto àti Dewey fún wa ní èyí lọ́dún 1984: a máa ń yí gbogbo ìgbóná padà sí iye ìṣẹ́jú tí ì bá jẹ́ ní 43°C, a sì ń pè é ní CEM43. Bí ooru bá kọjá 43°C, dígíríì kan tó bá gùn sí i ń sọ ìṣẹ́jú kan di méjì. Bí kò bá tó 43°C, dígíríì kan tó bá dín ń sọ ọ́ di ìdá mẹ́rin. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní 42°C jẹ́ 7.5. Wákàtí kan ní 41°C jẹ́ 3.75. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní 45°C ti di 40. Ìṣẹ́jú méjì ní 50°C di 256, bẹ́ẹ̀ 240 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹran ara ti ń kú pátápátá. Ẹ wo bí àṣìṣe kékeré ṣe ń di ńlá. Ẹni tó wọn ooru rẹ̀ sí 43°C, tó sì jẹ́ pé 46°C ló wà, ti fún ẹran ara ní ìlọ́po mẹ́jọ ohun tó rò.

Ẹ ya àwòrán méjì sórí ara wọn: ìmọ́lẹ̀ àti iye tó yè. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ga tí ikú kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni fèrèsé yín. Fún ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, ó máa ń bọ́ sí 42°C sí 43°C. Bí fèrèsé náà bá há jù, ẹ gbìyànjú láti pín ìgbóná sí ìpele: ìṣẹ́jú márùn-ún gbígbóná, ìṣẹ́jú márùn-ún ìsinmi, lẹ́ẹ̀mẹta. Sẹ́ẹ̀lì T, tó jẹ́ ẹlẹgẹ́, sábà máa ń fara da irú èyí ju ìgbóná àgbéléra lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣírò ìró kí ẹ tó ra nǹkan

Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 1540 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ẹran ara. Ní 1.5 MHz (ìgbì mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìgbì kan gùn tó mìlímítà kan. Transducer (ohun tó ń sọ iná di ìró) tí fífẹ̀ ojú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú jíjìn ibi ìpàdé rẹ̀ máa ń fún yín ní ibi ìpàdé tó fẹ̀ ní nǹkan bí ìgbì kan, tó sì gùn ní nǹkan bí ìgbì méje. Ìrísí hóró ìrẹsì ló ní, kì í ṣe ti èso àgbálùmọ̀. Itan eku kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ ní nínípọn, nítorí náà hóró mìlímítà méje fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ já. Ní 3 MHz, ó á kúrú dé ìdajì.

Ṣùgbọ́n bí ìgbì bá ṣe ń kúrú, bẹ́ẹ̀ ni ẹran ara ń gbé ìró mì lójú ọ̀nà. Nǹkan bí 0.5 dB (dB ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ń dín kù) ló ń sọnù ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan fún MHz kọ̀ọ̀kan. Tí ìró 1 MHz bá rin sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa kù. Ní 3 MHz, ìdá 18 péré. Fún itan eku, 1.5 sí 3 MHz dára. Fún ibi tó jìn, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba agbárí èèyàn kọjá fún àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n ń lo nǹkan bí 0.65 MHz.

Ìṣirò ooru kò le. Ní 1 MHz, bí agbára ìró ibi ìpàdé bá jẹ́ wáàtì 10 ní sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ẹran ara á máa gbóná sókè ní nǹkan bí 0.3°C ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí a bá yọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé lọ kúrò. Dígíríì márùn-ún á gbà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlógún. Ẹ rí i pé a kò nílò agbára abàmì. Agbára tó pọ̀ jù ń fa hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké jáde nínú ẹran ara. Bí àwọn yẹn bá ń wú tí wọ́n sì ń fọ́, wọ́n á fa ẹran ara ya, ẹ kò sì ní mọ̀ mọ́ bóyá ooru ló jí jíìnì ni àbí ọgbẹ́.

Ohun èlò tó kù kò pọ̀: ẹ̀rọ tó ń dá ìgbì iná sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di ńlá, ohun tó ń mú un bá transducer mu, àti ọ̀nà omi láàárín transducer àti awọ ara. Bí iná ìjọba bá máa ń lọ lọ́dọ̀ yín, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sórí ínfátà. Iná tó bá lọ láàárín ìgbóná kan ti ba eku yẹn jẹ́ fún ìwádìí, kò sì tọ́ kí ẹranko jìyà lórí ohun tí a lè dènà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹran àfarawé

Ẹ se agar, èròjà tó máa ń dì bí ẹ̀kọ, kí ẹ da ìyẹ̀fun graphite díẹ̀ sí i kí ó lè máa gbé ìró mì bí ẹran ara. Ẹ ti thermocouple bọ ibi ìpàdé, kí ẹ kọ́ bí agbára tí ẹ fi sí i ṣe ń di ooru.

Ẹ̀tàn kan wà níbí. Ìró máa ń fi wáyà náà ra omi tó yí i ká, ìfararora yẹn sì ń dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé wáyà á ka ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ẹ lo wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù tí ẹ bá lè rí. Ẹ pa ìró, kí ẹ wo bí kíkà náà ṣe já wálẹ̀: èyí tó já lójijì ni ti ẹ̀tàn, èyí tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ ni ooru tòótọ́.

Omi inú ọ̀nà ìró gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ sè é, kí ẹ dé e títí yóò fi tutù, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ojú afẹ́fẹ́ ń dá ìró padà ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà hóró afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo lójú transducer ti tó láti ba ọjọ́ kan jẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: eku

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìtọ́jú ẹranko ìwádìí níbi tí ẹ wà kí ẹ tó ra eku kankan. Láti ọdún 1959 ni Russell àti Burch ti là á sílẹ̀ pé kí a fi nǹkan mìíràn rọ́pò ẹranko níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí a dín iye wọn kù, kí a sì dín ìrora wọn kù. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó ṣáájú èyí wà láti mú ìlànà yẹn ṣẹ. Eku kankan kò gbọ́dọ̀ kú nítorí pé a fẹ́ mọ ohun tí agar ì bá ti sọ fún wa.

Ẹ fi isoflurane, oògùn oorun tí a ń fà símú, kun eku lóorun, 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ara eku tó sùn báyìí máa ń tutù kíákíá, ẹ gbé e lé ibi tó lọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì fi tẹmómítà ìdí ṣọ́ ọ kó wà ní 37°C. Eku tó ti tutù sí 33°C nílò ooru púpọ̀ sí i láti dé 42.5°C, ìyàtọ̀ láàárín àárín ibi ìpàdé àti etí rẹ̀ á sì pọ̀ sí i.

Ẹ fi ìpara tó ń yọ irun yọ irun itan rẹ̀ kúrò pátápátá, torí pé irun ń kó afẹ́fẹ́ pamọ́. Ẹ yí jẹ́ẹ̀lì nínú ẹ̀rọ centrifuge kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ẹ tó fi í pa ẹsẹ̀ náà. Ẹ gbé ibi ìpàdé jìnnà sí eegun itan, nítorí eegun ń gbé ìró mì ní ìlọ́po-ìlọ́po ẹran, ó sì ń gbóná kíákíá. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ kan atẹ́gùn. Ẹ fi omi tàbí rọ́bà tó ń gbé ìró mì sẹ́yìn rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìró á ta padà láti òdìkejì, á sì jó awọ. Ẹ má ṣe kọjú rẹ̀ sí ikùn tàbí àyà, níbi tí afẹ́fẹ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀fóró wà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dá ooru dúró

Ẹran ara tó wà láàyè kì í jókòó jẹ́ẹ́ bí agar. Bó ṣe ń gbóná ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ń ṣí, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gbé ooru lọ. Láti ọdún 1948 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Pennes ti kọ ìṣirò èyí sílẹ̀. Agbára tó gbé yín dé 42.5°C ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lè má tó ní ìṣẹ́jú kẹta. Kókó jẹjẹrẹ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò já gaara á ṣe òdìkejì, á máa gbóná ju ẹran tó yí i ká lọ. Ẹni tó bá fi agbára kan náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi ooru sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ láti pinnu.

Bí ẹ bá ní MRI, òun ló dára jù. Bí omi inú ara bá gbóná ní dígíríì kan, iye ìgbì tí hydrogen inú rẹ̀ fi ń dá MRI lóhùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 0.01 nínú mílíọ̀nù. Nínú ẹ̀rọ tí agbára òòfà rẹ̀ jẹ́ 1.5 tesla, ìyẹn jẹ́ 0.64 Hz, ní 7 tesla, nǹkan bí 3 Hz. Ẹ lè rí àwòrán ooru ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀-díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì máa fi í tún agbára ṣe. Ọ̀rá kò ní sọ òótọ́ fún yín ní ọ̀nà yìí, mímí eku sì lè da àwòrán rú, nítorí náà ẹ so ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa.

Bí kò bá sí MRI, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Ẹ ti thermocouple tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ibi ìpàdé, kì í ṣe àárín rẹ̀, kí ẹ fi ìyàtọ̀ tí ẹ kọ́ lára ẹran àfarawé ṣírò àárín. Ẹ kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ka ooru náà, tó ń dín agbára kù bó bá ti ń sún mọ́ ibi àfojúsùn, tó sì ń pa á fúnra rẹ̀ bó bá kọjá 44°C. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi sílẹ̀ fún ojú èèyàn.

Ètò tí mo fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀ ni 42.5°C, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún ìsinmi láàárín. Ìyẹn jẹ́ 7.5 lórí CEM43, ó jìnnà gan-an sí 240.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ka èsì, ẹ sì bi í léèrè

Ẹ wo eku ní wákàtí 6 àti 24. Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ D-luciferin, èròjà tí luciferase ń lò láti fi tàn, mìlígíráàmù 150 fún kílò kan, kí ẹ dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ya àwòrán. Ẹsẹ̀ kejì tí ẹ kò fi ìró kàn ni àfiwé àkọ́kọ́. Kò tó.

Ẹ nílò eku tó ní jíìnì náà tí ẹ kun lóorun tí ẹ sì tò sábẹ́ ẹ̀rọ láìtan ìró. Ẹ nílò èyí tí kò ní jíìnì tó gba ooru. Ẹ nílò èyí tí luciferase rẹ̀ ń tàn nígbà gbogbo láìgbára lé ooru, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìró ń pa sẹ́ẹ̀lì ni. Èyí tí àwọn èèyàn sì máa ń fò ni èyí tí a fi omi gbígbóná gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ooru kan náà fún àkókò kan náà, láìsí ìró rárá. Bí jíìnì bá jáde bákan náà nínú méjèèjì, ooru ló ṣe é. Bí ti ìró bá pọ̀ ju ti omi lọ, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀, ẹ lọ wá a.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ẹran náà, ẹ wo ọgbẹ́ àti sẹ́ẹ̀lì tó kú lábẹ́ máíkíróskóòpù, kí ẹ sì fi àwọ̀ kun HSP70 ti eku fúnra rẹ̀ kó lè hàn. Àyẹ̀wò yìí ṣeyebíye. Bí HSP70 rẹ̀ bá ga tí luciferase kò sì sí, ooru dé ibẹ̀, jíìnì yín ni kò dé. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, ooru gan-an ni kò dé.

Ibi tó ti sábà máa ń bà jẹ́

Bí gbogbo ara eku bá ń tàn, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan, ibi ìsùn tó lọ́wọ́ọ́rọ́ lè ti gbóná jù, tàbí kí promoter máa jò. Ẹ wo eku tí kò rí ìró.

Bí awọ bá pọ́n tàbí tó bó tí ìsàlẹ̀ kò sì gbóná, irun tàbí hóró afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ tún jẹ́ẹ̀lì pa.

Bí ìgbóná kejì kò bá mú ìmọ́lẹ̀ wá tó ti àkọ́kọ́, ẹ rántí ìparọ́rọ́ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kó HSP70 jọ á máa di HSF1 mú gírígírí, kò sì ní tètè gbọ́ ooru mọ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán àkókò ìsinmi náà wò nínú ẹ̀rọ PCR. Ojúlówó sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ló wà níwájú yín, ẹ má ṣe bá a jà nípa fífi ooru kún ooru.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ èsì sílẹ̀, agbára tí ẹ yí bọ́tìnnì sí kò wúlò fún ẹni tó máa tún un ṣe níbòmíràn. Ẹ kọ MHz, fífẹ̀ ojú transducer àti jíjìn ibi ìpàdé rẹ̀, agbára tí ẹ wọ̀n nínú omi, ohun tí ẹ fi wọn ooru àti ibi tí ẹ tì í bọ̀, àti CEM43. Ìlà ooru náà, láti ìṣẹ́jú kan ṣáájú títan ìró títí di ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn pípa á, ẹ fi í pamọ́ bó ṣe jáde, láìtún un ṣe, pẹ̀lú nọ́ńbà eku tó ni ín.